Wúrà Ìyá Fọlọ́runṣọ́

"Bí irọ́ bá wà ńbẹ̀, kí bàtà mi já lórí freeway!" Fọlọ́runṣọ́ fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè. "Dọ́là oníwúrà ni. Wúrà pọ́ńbélé! Mo fi han ọ̀gá mi ní wíàháọ̀sì, ojú ẹ̀ fọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko."

Ní gáráàjì Bọ̀ọ̀dá Ifátósìn ni, ní Euless lẹ́bàá Dallas. Ẹ́pọ́ọ̀tù ni Ifátósìn ti ń kó ẹrù báyìí, ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ wúrà ló jẹ́ n'Ìbàdàn. Ihò ni Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ kó lu sí owó ẹyọ dọ́là náà, kí ṣéènì lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìyá ẹ̀ gúnlẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ń sinmi nílé. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá ní yẹtí wúrà òun lòun tà tí òun fi ra tíkẹ́ẹ̀tì Àmẹ́ríkà fún un. Ọmọ náà sì búra: ọjọ́ tí ìyá bá dé Dallas, wúrà ni yóò fi sí i lọ́rùn.

"Ó wúwo débi pé táyà mọ́tò mi tẹ̀!"

"Táyà ẹ tó ti ń jò láti èṣí?" Tọ́láṣe, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ló fèsì.

Ẹ̀rọ ìluhò ké. Eruku dà sórí tábìlì. Pupa ni.

"Àbúrò, bàbà ló wà láàárín," Ifátósìn ní. "Ìjọba fi idẹ bò ó. Àwọn tó tà á fún ẹ ló wá fi wúrà pa á lára, kò nípọn tó èèpo àlùbọ́sà."

Tọ́láṣe rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àfi bí fóònù Fọlọ́runṣọ́ ṣe dún: ìyá ẹ̀ ni.

"Ọkọ mi, wúrà mi dà?"

Irọ́ mẹ́rin ti tò sẹ́nu ẹ̀. Ó gbé wọn mì. "Mọ́mì, bàbà ni o. Wọ́n kàn fi wúrà pa á lára ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Bíi yẹtí mi gẹ́lẹ́! Ta ló máa ra ìyẹn? Máṣíìnì ìránṣọ mi tí mo tà ló gbé ẹ dé Àmẹ́ríkà. Bí mo bá sọ ọ́ nígbà yẹn, o ò ní lọ. Mú un bọ̀, jàre. Ọmọ mi ló rà á."

Láti ọdún mẹ́fà yìí, Fọlọ́runṣọ́ ò gbọ́ ariwo máṣíìnì yẹn rí lórí fóònù. Ìyá máa ń ní òun ń sinmi ni.

Ifátósìn ní òun lè fi wúrà díẹ̀ pa etí ihò náà, kí pupa ẹ̀ má hàn.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá." Fọlọ́runṣọ́ gbé dọ́là náà sójú oòrùn. Etí ihò náà pọ́n bí ẹyin iná. Ó rọra fi àtàǹpàkò nù ún, ó sì na ọrùn. "Ẹ wò ó! Bàbà, idẹ, wúrà! Ìyá ta ló tún máa so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo Texas? Àní àwọn tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń kọjá lọ yẹn, wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n…"

"Fọlọ́runṣọ́!" Àwọn méjèèjì pariwo ẹ̀ pọ̀. "Máa lọ sílé! Ìyá ẹ ń dúró!"