Díjéè Òdìkejì Omi

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ìgbéyàwó àbúrò Tíṣà wáyé nígbà tí díjéè tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pè é pé òun já bọ́ lórí àkàbà, ẹsẹ̀ òun sì ti kán. Tíṣà kí i kú ewu, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wá jókòó sórí àga kíláàsì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

Òun ló tọ́ àbúrò yìí dàgbà. Láti ìgbà tí àwọn òbí wọn ti kú, òun ni ìyá, òun ni bàbá, òun náà ni ẹ̀gbọ́n. Ó ti búra fún ara rẹ̀ pé kò ní sí nǹkan kan tí yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní gbogbo etíkun kékeré yẹn, láti èbúté títí dé ibi tí odò ti ń wọnú òkun, díjéè mẹ́ta péré ló wà. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán. Èkejì ti gba òde méjì fún ọjọ́ kan náà, ó sì ń bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n dákun kí wọ́n pín òun. Ẹ̀kẹta ń gbé ní òdìkejì omi. Kò tíì pé ọdún kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Amúnúdùn sì ni wọ́n ń pè é. Tíṣà kò rí i rí, ṣùgbọ́n ó pè é.

"Ṣé ẹ ní sípíkà tó lè gbé gbọ̀ngàn igba ènìyàn?"

"Mo ní, àǹtí. Mo tún ní jẹnẹrétọ̀ tèmi. Ẹ ṣá sọ ọjọ́ àti ibi tó wà fún mi."

Ohùn ọkùnrin náà jinlẹ̀, ó sì há díẹ̀, ohùn téèyàn kì í tètè gbàgbé. Ó béèrè orúkọ ìyàwó àti ọkọ kí òun lè máa pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Tíṣà sọ ọ́ fún un. Kò sí ẹni tó ronú kan orúkọ ìdílé nínú àwọn méjèèjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, Amúnúdùn dé láago mẹ́wàá àárọ̀. Tíṣà ti ń retí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dojú fìlà sẹ́yìn, àfi bó ṣe rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó to sípíkà mẹ́rin, ó fi téèpù lẹ wáyà mọ́lẹ̀ kó má baà kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Ara Tíṣà balẹ̀.

Ó ku wákàtí méjì kí ètò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá ọkọ ìyàwó wọlé, pé òun wá wo bí wọ́n ṣe to ìjókòó. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu, ẹni tó gbọ́ ọ á tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe. Ó ti dé àárín gbọ̀ngàn nígbà tí Amúnúdùn gbé máìkì sẹ́nu.

"Ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀kan, méjì. Ọ̀kan, méjì."

Obìnrin náà dúró bí òpó. Àpò ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ta ló pe ọkùnrin yẹn wá síbí?"

"Èmi ni, mọ́mì. Díjéè wa ni."

"Díjéè, àbí? Òun ló wa ọkọ̀ ojú omi tó pa àkọ́bí mi. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi gbọ́ ohùn yẹn nílé ẹjọ́. Bí mo bá lo ọgọ́rùn-ún ọdún sí i láyé, mi ò ní gbàgbé ẹ̀."

Tíṣà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ìyàwó kú sómi ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún un rí ẹni tó wa ọkọ̀ náà.

"Kó jáde, tàbí kí n jáde," ìyá náà wí. "Bí mo bá sì jáde, ọmọ mi ò ní jókòó síbí."

Nígbà tí Tíṣà fi máa dé ìdí tábìlì díjéè, ọkùnrin náà ti rí obìnrin yẹn. Ó ti ń ká wáyà.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni." Kò gbójú sókè. "Ènìyàn mẹ́jọ ló yẹ kí ọkọ̀ yẹn gbà. Mọ́kànlá ni mo kó. Mo ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Mi ò mọ̀ pé ilé wọn ni ìyàwó ń lọ, àǹtí. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní í wá."

Tíṣà fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló pè é. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyàwó ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ orin díẹ̀ níbẹ̀."

"Ó ń lọ dáadáa. Wọ́n ṣì ń so wáyà ni."

Ó padà lọ bá ìyá ọkọ. "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ó ti ń palẹ̀ mọ́. Orin inú fóònù mi la máa lò."

Díjéè tó ti gbé sípíkà kan, tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ni obìnrin náà tẹjú mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá a. Tíṣà sáré tẹ̀lé e, torí ó dá a lójú pé ìgbájú ló kàn. Àwọn tó ń to àga dáwọ́ dúró.

"Gbé e sílẹ̀," ìyá náà wí.

Ọkùnrin náà gbé e sílẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́fà lo fi sọ̀rọ̀ nílé ẹjọ́. O sọ iye èrò, o sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó. O ò sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Kí ló sọ kẹ́yìn?"

"Mà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

"Mo ní, kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan ńlá kan, mà. Àwa méjèèjì la di kẹ́ẹ̀gì kan mú lórí omi. Ó bi mí bóyá kóun bọ́ bàtà. Mo ní kó bọ́ ọ, kó má baà fà á wọlẹ̀. Ó ní bàtà tuntun ni, ẹ̀yin lẹ rà á. Ó bọ́ ẹyọ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ máa pa òun. Mo wá lúwẹ̀ẹ́ lọ pe àwọn apẹja. Nígbà tí mo fi máa padà dé, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń kùn níta.

"Ẹyọ kan," ìyá náà wí jẹ́jẹ́. "Ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bi ara mi pé irú olè wo ló ń bọ́ bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀ òkú."

Tíṣà yára ti àga sábẹ́ ìyá náà. Ó jókòó síbẹ̀ títí, ó tẹ orí ba. Tíṣà ń wo aago. Nígbà tó yá, obìnrin náà nu ojú rẹ̀.

"Ìgbéyàwó ọmọ mi ni," ó wí, Tíṣà ló kọjú sí. "Mi ò ní bà á jẹ́. Kó ṣiṣẹ́ tó wá ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú nǹkan yẹn lónìí."

Bí máìkì ṣe bọ́ sọ́wọ́ Tíṣà nìyẹn, ẹni tó jẹ́ pé ogójì ọmọ iléèwé ló mọ̀ ọ́n pa lẹ́nu mọ́. Èrò kún gbọ̀ngàn láago méjì. Nígbà tó ń pe tọkọtaya wọlé, ó ṣi orúkọ ọkọ pè, àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Díjéè ń gbé orin lé orin, kò la ẹnu. Bó bá ní ọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, á tì í sọ́dọ̀ rẹ̀: *Ẹ gbé máìkì jìnnà sí sípíkà.*

Ojú Tíṣà kò kúrò lára ìyá ọkọ.

Ó wá kan ijó ìyá pẹ̀lú ọmọ. Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ìyàwó na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò dìde. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Amúnúdùn wo Tíṣà, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì tí yóò fi pa orin. Tíṣà mi orí fún un pé rárá.

Ìyá dìde. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀, ó rọra ń tẹsẹ̀ jó. Bó ti wù kí ọmọ náà yí i tó, ẹ̀yìn ló ń kọ sí tábìlì díjéè. Orin parí, Amúnúdùn dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò pa á títí obìnrin náà fi jókòó.

Kí oòrùn tó wọ̀, díjéè ti kó ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀. Ìyàwó béèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ kankan. Tíṣà ní ọ̀fun ló ń dùn ún.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyá ọkọ yọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Tíṣà, fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin yẹn."

"Mọ́mì, ṣé kò sí o?"

"Ìbéèrè mi ò tíì tán."

Tíṣà fa ojú ewé kan ya nínú ìwé, ó kọ ọ́ fún un. Obìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì gba ọ̀nà èbúté.