Ìpẹ́ Ẹja àti Kànga Màmá Àgbà

Ẹnu Kakoli ló kọ́kọ́ ba iṣẹ́ Kakoli jẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe irinṣẹ́ kékeré kan ní yunifásítì. Ó rí bíi bírò. Tí wọ́n bá ki orí rẹ̀ bọ omi, á fi nọ́ńbà sọ iye fulóráìdì tó wà níbẹ̀, ìyẹn èròjà inú àpáta tó máa ń ba eyín àti egungun jẹ́ tó bá ti pọ̀ jù. Ìyẹ̀fun funfun kan tó wà lórí rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ìgbà tó gbé e dé abúlé wọn ní Bankura, tí Nirupama, ìyá bàbá rẹ̀, bi í pé kí ni ìyẹ̀fun náà, inú rẹ̀ dùn débi pé kò ronú rárá.

"Ìpẹ́ ẹja ni, Màmá Àgbà! A jó o nínú iná tó gbóná janjan, a wá lọ̀ ọ́."

Màmá Àgbà fò sẹ́yìn. Opó ni, ó ti tó ọdún méjìlélógún tí ẹja ti kan ètè rẹ̀ gbẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí àwọn opó ilẹ̀ wọn ti í ṣe. Ààrò rẹ̀ dá wà, ìkòkò rẹ̀ dá wà. Kànga àárín ọgbà náà sì rèé, ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ lọ́dún tó gbé e níyàwó.

"O fẹ́ ki ẹja bọ kànga bàbá ẹ àgbà?"

"Kì í ṣe ẹja mọ́, Màmá. Iná ti jó gbogbo ẹja inú ẹ̀ tán."

"Ṣé iná jó orúkọ ẹ̀ náà ni? Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní ẹja yìí!"

Ká ní kì í ṣe ti Tuku ni, Kakoli ì bá rẹ́rìn-ín kó sì fi í sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Tuku, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Eyín rẹ̀ ti ní àbàwọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti ń tẹ̀. Omi kànga yẹn ló ń mu látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rù ń ba Kakoli gan-an. Ó yọ́ lọ sí ilé ìdáná ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ki irinṣẹ́ náà bọ omi mímu tí wọ́n pọn síbẹ̀ láti inú kànga náà. Mẹ́rin ààbọ̀. Ohun tó bá sì ti ju ọ̀kan ààbọ̀ lọ ti léwu.

Nígbà tó sọ fún Màmá Àgbà, ẹ̀rín ni màmá bú sí.

"Ilé ìdáná tí wọ́n ti ń dín ẹja láràárọ̀! Ìpẹ́ ẹ lọ bá àwọn ẹbí ẹ̀ níbẹ̀ ni, wọ́n ń kí ara wọn. Gbé ife ẹ wá. Màá bu omi kànga yìí kan náà fún ẹ nínú ìkòkò idẹ tí mo fi ń sin òrìṣà mi. Wàá rí i pé òfo ni."

Ó dúró lókèèrè, ó sì da omi náà láti òkè, kí ife má baà kan ìkòkò rẹ̀. Kakoli ki irinṣẹ́ rẹ̀ bọ inú ife náà, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ síwájú wò ó. Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ó dúró sórí mẹ́rin ààbọ̀.

Màmá Àgbà wo nọ́ńbà náà títí. Ó wo Tuku tó ń rìn bọ̀ lẹ́bàá ògiri. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan orúnkún ara rẹ̀ tí kò ṣeé nà láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tó máa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló fà á.

"Bàbá ẹ àgbà ò mọ̀," ló sọ.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, Màmá. Ojú ò lè rí i."

"Ìyẹ̀fun ẹ yìí, ṣé ẹjọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n rò, àbí ó lè tún un ṣe?"

"Ó lè tún un ṣe. Ó máa ń di fulóráìdì náà mú ni. Tí a bá rí púpọ̀, tí a dà á sínú garawa, tí a ń sẹ́ omi gba inú ẹ̀ kọjá, omi á dáa. Ọmọdé ni Tuku, egungun ẹ̀ ṣì lè nà. Ṣùgbọ́n ìpẹ́ tí a máa nílò á kún àpò."

Màmá Àgbà wọlé lọ, Kakoli sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn ò rí màmá nínú ilé. Ọjà ẹja ni Kakoli ti bá a, ó dúró láàárín omi ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja ti fa ọ̀bẹ wọn sẹ́yìn kí nǹkan má baà ta sí i lára.

"Màmá, ẹ ti ṣìnà o," ni ọ̀kan wí. "Ọ̀hún ni àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ wà."

"Mi ò ṣìnà. Ìpẹ́ tí ẹ ń dà nù yẹn, èmi ni kí ẹ máa kó o fún."

"Ìpẹ́ ẹja? Ẹ̀yin? Kí lẹ máa fi gbé e?"

Màmá Àgbà tú etí aṣọ funfun opó rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ síwájú.

"Dà á síbí. Ọmọ mi fẹ́ rìn."