Ọwọ́ Dà?

"Bàbá, mo fẹ́ nu ojú yín o. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Nọ́ọ̀sì fún omi kúrò lára aṣọ ìnujú, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì, kó tó fi kan iwájú orí ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn. Káfíńtà ni ọkùnrin náà. Orí òrùlé ló ti já bọ́, tó fi orí sọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ ti ń mí fún un. Àyà rẹ̀ ń ròkè, ó ń wálẹ̀, bí ẹ̀rọ bá ṣe fẹ́.

Nọ́ọ̀sì yìí kì í fọwọ́ kan aláìsàn láìtọrọ ààyè, ì báà gbọ́, ì báà má gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àgò ní wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kejì, tó wá bá a yí Bàbá, rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú.

"Ẹ tún kanlẹ̀kùn, Àgò. Bóyá wọn ò gbọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ìwọ yí wọn jẹ́jẹ́. Ẹnu kọ́ la fi ń yí èèyàn."

Àkọ́bí Bàbá lóbìnrin ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé wọ́n dá yín lóhùn lónìí?"

"Bàbá ń ṣe fáàrí sí mi ni," Àgò dáhùn, bó ṣe máa ń dáhùn. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Kò pẹ́ tí dókítà fi pe Àgò sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Èmi àti ọ̀gá mi ti yẹ Bàbá wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọpọlọ wọn ti kú. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Mo sọ fún ọmọ wọn, ó ní irọ́ ni. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bíi yín á kàn máa bá òkú ṣàwàdà ni. Kò fẹ́ ká pa ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ dákẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kí ọmọ náà lè rí ohun tó wà níwájú ẹ̀."

Ẹni ibi kọ́ ni dókítà. Àgò fúnra rẹ̀ ti rí awọ ẹ̀yìn Bàbá tó ń bó lórí ibùsùn. Ó ti rò pé ọ̀wọ̀ kì í pa èèyàn lára; kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fi ọ̀wọ̀ náà kọ́lé, ó sì ti ń gbénú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá wọlé bí odi lọ́la, kí ni ọmọ náà máa kà á sí? Ẹni tí ọ̀rọ̀ mú ṣìnà, ìdákẹ́ ò lè mú un padà.

"Mi ò ní dákẹ́, dókítà," ó ní. "Ó ku ẹni tí mi ò tíì bá sọ̀rọ̀ ni."

Ó padà sẹ́bàá ibùsùn Bàbá, ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin náà.

"Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mi ti ṣì ọ́ lọ́nà. Nígbà tí mo bá ń kí wọn, wọn ò gbọ́ mi. Wọn ò ní gbọ́ mọ́. Òótọ́ ni dókítà sọ fún ọ."

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè.

"Kí wá lẹ̀ ń bá wọn sọ?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí aṣọ funfun.

"Ẹ wo ìka wọn. Gbogbo ẹ̀ ló pé. Ẹ̀yin ẹ lọ wo ọwọ́ àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ wọn." Ó nu imú. "Wọn kì í tan ẹ̀rọ ìlapákó láìké pé, 'Ọwọ́ dà?' Gbogbo wa á gbé ọwọ́ sókè, a ó ní, 'Ọwọ́ rèé.' Lọ́jọ́ tó jẹ́ àwọn nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á ké e, wọ́n á tún gbé ọwọ́ ara wọn sókè. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Àfi kí èèyàn mọ̀."

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń mí lọ.

"Ṣé á dùn wọ́n, bí ẹ bá pa ẹ̀rọ náà?"

"Rárá. Màá sì wà níbẹ̀."

Lọ́sàn-án, dókítà wọlé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kejì. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ.

"Ẹ dúró ná, dókítà," ọmọbìnrin náà ní. Ó tẹ̀ ba létí bàbá rẹ̀. "Bàámi, ọwọ́ dà?"

Nọ́ọ̀sì kejì wolẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ abẹ́ ọwọ́ Bàbá, ó gbé e sókè, gbogbo ìka rẹ̀ pé.

"Ọwọ́ rèé," ó ní.

"Bàbá," dókítà rọra sọ, "a fẹ́ pa ẹ̀rọ náà o."

Nígbà tó yá, tí àyà Bàbá kò ròkè mọ́, tí ọmọ rẹ̀ ti bọ́ síta lọ pe àwọn àbúrò rẹ̀, Àgò bu omi tuntun. Ó fún aṣọ ìnujú.

"Bàbá, mo fẹ́ nu ojú yín o."

Ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tó ti ń dúró lókè iwájú orí náà. Ọ̀rọ̀ náà ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ kó tó balẹ̀.