Àpótí Etí Adágún Yanaruri

Ọjọ́ kẹta tí àpótí etí adágún Yanaruri ti dákẹ́ ni Edelmira Maguiña gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Ó ti fi Delsy, ọmọbìnrin rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá, sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò tí yóò mú un dé ilé ìwé, ó sì ti di ọ̀dùnkún sísè méjì àti wàràkàṣì díẹ̀ fún un pé kó jẹ ẹ́ nígbà ìsinmi. Ilé ìwé náà wà létí odò ní Pucaruri, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Odò ọ̀hún, inú adágún yẹn gan-an ló ti ń ṣàn wá.

Edelmira ló ń tọ́jú àpótí náà fún ìjọba ìbílẹ̀. Àpótí irin ni, wọ́n gbé e kọ́ òpó kan lórí àpáta. Ráútà tó wà nínú rẹ̀ kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo nǹkan tó kù gbójú lé. Síìmù bíi ti fóònù ló fi ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Wáyà méjì jáde lára rẹ̀: ọ̀kan lọ sára kámẹ́rà tó ń wo yìnyín orí òkè, èkejì lọ sára ẹ̀rọ tó ń wọn omi. Wáyà tí ìròyìn ń gbà wọlé náà ni iná ń gbà lọ bá wọn, nítorí náà bí ráútà bá kú, gbogbo wọn kú nìyẹn. Fèrè ńlá tó wà lórí òrùlé ilé ìwé láti kìlọ̀ fún ìlú kò sì ní í dún, ìbáà jẹ́ pé gbogbo òkè ló wó.

Ohun tó ń ba Edelmira lẹ́rù nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni oòrùn ti ń mú ju bó ṣe yẹ lọ, òjò kò sì rọ̀. Kí kámẹ́rà tó dákẹ́, ó ti rí ìlà dúdú kan lára yìnyín tó yọrí sórí omi, ojoojúmọ́ sì ni ìlà náà ń fẹ̀ sí i.

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kó tó dé òkè. Baba Teódulo Tarazona, tí wọ́n gbà pé kó máa ṣọ́ adágún, jókòó síwájú ahéré olókùúta rẹ̀, ó ń jẹ ewé kókà, ewé tí àwọn ará òkè máa ń rún lẹ́nu fún òtútù àti àárẹ̀. Kò dìde wá pàdé rẹ̀ bó ti máa ń ṣe.

"Ẹ káàárọ̀ o, baba."

"Káàárọ̀, ẹnjiníà wa. Wọ́n ti rán ẹ wá."

"Wọn ò ní í rán mi? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, baba! Ẹ ò lè sọ̀kalẹ̀ wá sọ fún wa pé nǹkan ò ṣiṣẹ́?"

"Orúnkún ń dùn mí."

"Ṣé orúnkún tí ẹ fi jó lọ́jọ́ ọdún Santiago, tí ẹ ò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ráyè, òun náà ni?"

Baba kò rẹ́rìn-ín. Kó tó dáhùn, nǹkan kan dún lókè, gbàù! Edelmira yí ojú padà wìrì. Eruku funfun díẹ̀ ń jábọ́ láti ojú ibi tí ìlà dúdú náà wà, ó ń dà sórí omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìlà ọ̀hún kì í ṣe ìlà mọ́. Ó ti fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Láti àná ló ti ń dún bẹ́ẹ̀," ni baba wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò fojú kan oorun."

Edelmira sáré lọ sídìí òpó, ó sì ṣí àpótí. Kò sí iná kankan lára ráútà. Ó fọwọ́ kan bátìrì, ó tutù bí òkúta. Ó wá ń fi ọwọ́ tọ wáyà tó yẹ kó gbé agbára oòrùn wá látorí páńẹ́lì, títí tó fi dé ibi tí wáyà náà parí sí. Wọ́n ti yọ ọ́. Wọ́n tún fi téèpù dúdú di ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí omi má baà wọ̀ ọ́.

Ó gbé ẹnu wáyà náà sókè kí baba lè rí i. Ó ní, "Baba, eku kì í di téèpù."

Ọkùnrin arúgbó náà tu ewé ẹnu rẹ̀ dà nù. "Nítorí Eusebia ni," ló wí. "Àbúrò mi. Ọ̀dùnkún rẹ̀ ti gbẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn nísàlẹ̀ ń sọ pé òpó yìí ló ń lé òjò lọ, pé àwọn máa gòkè wá fọ́ ọ túútúú. Mo wá rò ó pé kí n kúkú yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Tí òjò bá rọ̀, kí n dá a padà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Ẹ̀yin náà gbà pé ó ń lé òjò?"

Baba wo òkè. "Ní Sátidé, mo gbà á díẹ̀. Lónìí mi ò gbà á mọ́."

Edelmira ì bá bú u. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kò sí àkókò. Ó fi eyín já téèpù náà, ó so wáyà padà. Ìdè kékeré tó ń di wáyà mú bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mú un. Ní àsìkò yìí kan náà ni ìkùukùu wá bo oòrùn, ìkùukùu tí kò ní òjò nínú.

Iná pupa kan tàn lára ráútà. Ó di àwọ̀ ọsàn. Ó fẹ́ di àwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, ni kámẹ́rà bá jí, ó yí orí, ó fa iná, gbogbo rẹ̀ sì kú pi.

Ó tún tàn án. Kámẹ́rà tún jí, gbogbo rẹ̀ tún kú.

"Kí ló ń ṣe é?" ni baba bi í.

"Ebi ló ń pa á. Ọjọ́ mẹ́ta ni bátìrì ò ti rí nǹkan jẹ. Èyí tó kù nínú rẹ̀ ò tó wọn pín." Bó ti ń sọ ọ́ ni ohun tó yẹ kó ṣe yé e. Ó di wáyà kámẹ́rà mú, ó fà á yọ. Ó fa ti ẹ̀rọ tó ń wọn omi náà yọ.

"Ha! O ń yọ kámẹ́rà? Kí la máa fi ríran?"

"Ẹ̀yin ni kámẹ́rà báyìí. Ẹ lọ dúró sórí òkúta yẹn, ẹ má gbé ojú kúrò lára yìnyín. Tó bá mì, ẹ pariwo."

"Kí n pariwo kí ni?"

"Ohunkóhun, baba! Ẹ pe orúkọ mi!"

Baba gun orí òkúta lọ, kò tilẹ̀ rántí orúnkún. Edelmira kúnlẹ̀ sídìí àpótí, ó ṣí kọ̀ǹpútà sórí itan rẹ̀. Ráútà tàn. Pupa. Ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Pupa síbẹ̀. Aago mẹ́wàá ń lọ lù, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìsinmi, tí wọ́n á lọ jókòó sórí àwọn òkúta etí odò, tí wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ó rí Delsy lójú inú rẹ̀, ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Ó mú ojú kúrò nínú ìran náà tipátipá. Àwọ̀ ọsàn. Ó di àwọ̀ ọsàn, ó dúró síbẹ̀.

Àwọ̀ ewé.

Bọ́tìnnì fèrè wà lójú kọ̀ǹpútà báyìí. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀gá rẹ̀ wà nílẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ àfi tí ẹ̀rọ tó ń wọn omi bá ti sọ pé omi gbéra. Lọ́dún tó kọjá, fèrè dún lásán, gbogbo ìlú sáré, ìyá àgbà kan ṣubú, egungun ìdí rẹ̀ sì kán. Àtìgbà náà ni wọ́n ti kórìíra òpó yìí. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀ yọ.

"Edelmira!" Ohùn baba ti yí padà. "Edelmira o! Ó ń fì!"

"Ṣé ó ti já?"

"Kò tíì já! Ó ń fì, bí eyín tó fẹ́ yọ! Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi, mo bẹ̀ ẹ́!"

Ojú ẹni tó yọ wáyà, òun nìkan ni ojú tó ní. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kò sí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wá yọ: fèrè ti ń dún. Edelmira kò tíì mí nígbà tí òkè fọ̀. Kò gbọ́ ọ létí nìkan, orúnkún rẹ̀ tó kàn mọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Yìnyín tó tó àádọ́ta ilé yọ kúrò lára òkè, ó rọra tẹ̀ síwájú, ó sì bọ́ sínú adágún. Omi gbéra sókè bí ògiri. Ìgbì náà kò yára lójú, ohun tó bani lẹ́rù jù lára rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn ń bọ̀ ni, ó ń ga sí i.

Baba ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fa apá rẹ̀. "Fi sílẹ̀! Fi í sílẹ̀, dìde!"

Wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ wọn. Omi gbá àpáta ìsàlẹ̀, ó fọ́n dé ẹ̀yìn wọn, ó tutù bí ọ̀bẹ. Nígbà tí Edelmira bojú wẹ̀yìn, òpó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ahéré baba kò sí. Omi ti ya etí adágún, ó ń ya lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn òkúta tó tó màlúù, ariwo rẹ̀ sì ń lọ, ó ń lọ, sí ọ̀nà Pucaruri.

Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀yìn òkè ni wọ́n gbà, ìrìn wákàtí mẹ́rin. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí fóònù. Lójú ọ̀nà, Edelmira ń ṣírò: ìdajì wákàtí ni omi á fi dé ìlú. Bí àwọn ará ìlú bá sáré. Bí wọn ò bá rò pé ti èṣí náà ló tún dé. Ó wò ó pé tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń fi fèrè ṣe yẹ̀yẹ́ ńkọ́?

"Ilé Eusebia ló kángun sí afárá," ni baba wí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ní gbogbo ọ̀nà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n yọ sórí Pucaruri, Edelmira kò dá ibẹ̀ mọ̀. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ìsàlẹ̀. Afárá ti lọ, ìdajì ilé ìwé ti lọ. Ó ń wo ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀. Baba ló na ọwọ́ sí apá òkè: "Wo pápá bọ́ọ̀lù! Wò ó!" Àwọn ènìyàn kún orí pápá náà fọ́fọ́. Edelmira sáré títí ó fi ṣubú, ó dìde, ó tún sáré. Delsy ló rí i kó tó rí Delsy.

"Màmá! Wọ́n pe orúkọ wa lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo kíláàsì wa ló pé! Bàtà mi ẹyọ kan ló sọnù."

Ó gbá ọmọ náà mọ́ra.

Ẹnì kan ni kò pé. Abilio, ọkùnrin kan ní ìlú náà, ti bá wọn dé orí pápá, ló bá rántí màlúù rẹ̀ méjì, ó sì padà. Ìyàwó rẹ̀, Casilda, jókòó sórí koríko, kò sunkún, ó kàn ń wo odò.

Wọ́n yí Edelmira ká, wọ́n ń dúpẹ́. Baba Teódulo dúró lẹ́yìn wọn, fìlà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Èmi ni mo yọ wáyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rọ yẹn fi fọ́jú, èmi ni mo fọ́ ọ lójú."

Ọkùnrin kan ti sún síwájú, ó ti di ẹ̀ṣẹ́, nígbà tí Eusebia bọ́ sáàárín pẹ̀lú aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ lára rẹ̀. "Èmi ni mo rán an," ló wí. "Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́, o sì ń mi orí. Tó o bá fẹ́ lu ẹni kan, tètè lù wá pọ̀." Ọkùnrin náà tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni Casilda gbé ojú kúrò lára odò. Edelmira ló kọjú sí, kì í ṣe baba. "Ẹnjiníà, ká ní wáyà yẹn wà níbẹ̀, ṣé ọkọ mi ì bá ti kó màlúù rẹ̀ gòkè kí omi tó dé?"

Edelmira mọ èsì. Kámẹ́rà ì bá ti rí bí yìnyín ṣe ń là láti ọjọ́ mẹ́ta, wọn ì bá ti kó gbogbo ìlú gòkè, màlúù, adìyẹ àti gbogbo rẹ̀. Ó wo baba, tí orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó wo Delsy tó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Mi ò mọ̀, ìyá," ló wí.

Casilda wò ó pẹ́, ó mi orí díẹ̀, ó sì tún kọjú sí odò. Lókè, nínú ìkùukùu, òkè tún dún, gbogbo orí pápá sì dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà.