Èjí Eyínmẹ́nugún

Ohun tí ẹ ń fura sí gan-an ló ṣẹlẹ̀: Eyínmẹ́nugún ti lọ dí èjí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i lókè òkun láti ilé, kò sì tíì sọ fún un.

Kí ẹ tó bínú sí i, ẹ jẹ́ ká gba tirẹ̀ rò. Nílé, èjí yẹn ni gbogbo ẹwà rẹ̀. Màmá Àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, ló sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún, àdúgbò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bó bá pẹ́ dé ilé-ìwé, á rẹ́rìn-ín, tíṣà á dáríjì í. Ẹ̀rín yẹn náà ló fi mú ọkọ.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé òkè òkun, àánú àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ṣe é. Eyín wọn fún pọ̀ bí táìlì balùwẹ̀, atẹ́gùn ò rí ọ̀nà gbà. Ó ríṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú, òun ló ń jókòó síwájú tó ń kí àwọn oníbàárà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, ayàwòrán sì fi kọ̀ǹpútà dí èjí náà láìbi í. Gbogbo èèyàn ló yin fọ́tò yẹn. Láràárọ̀ ni Eyínmẹ́nugún ń kọjá níwájú obìnrin tó rẹwà jù ú lọ yìí kó tó wọlé síṣẹ́. Nígbà tó yá, obìnrin kan láti ilé tó lèjí wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, Eyínmẹ́nugún fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ wo ẹnu obìnrin náà. Láti ìgbà náà, bó bá dúró níwájú dígí, ilẹ̀kùn tí ẹnì kan gbàgbé láti tì ló ń rí.

Dókítà eyín tó lọ bá yẹ ẹnu rẹ̀ wò pẹ́, ó wá bi í bóyá ó ṣubú nígbà tó wà lọ́mọdé. Eyínmẹ́nugún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìkẹyìn tí èjí náà rí. Nígbà tó délé, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé àwọn ará ibí ò mọ ẹwà rárá, wọ́n rí èjí wọ́n ń pè é lọ́gbẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi dí i? Eyínmẹ́nugún ní kó búra pé kò ní tú àṣírí òun.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ìyá rẹ̀ á ní ó ti kọ ojú tí òun fi bí i. Bí ìyá bá sì padà sílé wí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún máa pè é ní Eyínmẹ́nugún?

Láti pápákọ̀ òfurufú, níbi tó ti lọ pàdé ìyá rẹ̀, ni Eyínmẹ́nugún ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní eyín ń dun òun. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu, ògiri ló ń kọjú sí jẹun. Ìyá bá a po omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti fi fọ ẹnu. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kúrò lára ọmọ, ó bọ́ sára ọkọ ọmọ. Nígbà tí ọkùnrin náà na ọwọ́ kọjá orí ìyàwó rẹ̀ láti mú ife lórí pẹpẹ, ìyá dìde, ó lọ dúró sáàárín wọn.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ jókòó," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìgbà wo lẹ ti ń lù ú?"

"Màmá, lu ta ni?"

"Eyín mélòó lẹ ti yọ lẹ́nu ẹ̀? Mo ti di ẹrù ọmọ mi. Bí ilẹ̀ bá mọ́, à ń lọ ilé nìyẹn."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìbúra wà lọ́rùn rẹ̀, ó jókòó bí olè tí wọ́n ká mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó ń wo ilẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí báàgì wà. Ó wá gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu.

"Màámi, kò lù mí. Ẹ wò ó."

Ìyá gbé awò rẹ̀ sójú, ó di àgbọ̀n ọmọ rẹ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì. "Wọ́n pé," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀. Ó bẹ ọkọ ọmọ rẹ̀ pé kó má bínú, ọkàn abiyamọ ló ń da òun láàmú. Ó jókòó, ó mu omi.

Eyínmẹ́nugún ń retí ìyókù. Ara rẹ̀ ò gbà á.

"Màámi, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa èjí mi. Mo ti dí i."

"Èjí wo?"

"Èyí tí mo jogún lọ́dọ̀ Màmá Àgbà."

"Màmá Àgbà kẹ̀? Ìwọ ò bá eyín lẹ́nu ẹ̀ ni. Eyín rẹ̀ tò bí àgbàdo." Ìyá gbé ife kalẹ̀. "Orí àtẹ̀gùn lo ti ṣubú ní kíláàsì kejì, tí ẹ̀gbẹ́ eyín rẹ fi kán. Ẹkún ò dá lójú rẹ, ni Màmá Àgbà bá ní èjí ni, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo àdúgbò pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun mìíràn fún ọ. Ó dáa bó o ṣe tún un ṣe. Ó ti yẹ ká ṣe é tipẹ́."