Ìjà Tí Tokie Ní Òun Fi Sílẹ̀

Ní ọ̀nà èbúté ní Numazu, kò sí ẹni tó ń ra ẹja gbígbẹ tí kò tíì gbọ́ ìtàn Tokie Murakoshi. Bí o bá ra ẹja méjì, wàá gbọ́ ìdajì. Bí o bá ra odindi páálí, wàá gbọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan bí àwọn èrò ṣe ń pariwo àti irú aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìtàn ọ̀hún ò gùn. Nígbà tí Tokie wà lọ́mọdébìnrin, ó ń ja ìjàkadì ní ilé-iṣẹ́ kan ní Tokyo, òun àti Ritsuko Anzai sì jọ du bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún ẹni tó bá borí láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ritsuko yìí kan náà ni gbogbo Japan wá mọ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára páálí bisikíìtì, tó tún lọ kọrin sínú àwo bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ò dáa. "Èmi ni mo jẹ́ kó borí," Tokie á wí, á sì máa fi bébà wé ẹja. "Mo lè dìde. Mi ò kàn dìde ni."

Ẹni tí kò bá mọ àṣà ilé-iṣẹ́ wọn ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tóbi tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjàkadì orí tẹlifísàn, ọ́fíìsì ti sọ ẹni tó máa borí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, fún àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wọn ẹni tó máa borí. Wọ́n á ta ara wọn nípàá, wọ́n á gbé ara wọn ṣubú, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn gan-an. Àmọ́ bí ọ̀kan bá ti dùbúlẹ̀ lé èkejì lórí láti tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, eré parí nìyẹn, ìjà gidi ló kù. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi agbára rẹ̀ jà bọ́ kí rẹfirí tó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí kò bá lè bọ́, ó ti pàdánù, kò sí àwáwí. Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ti ń mọ ẹni tó ní ọkàn àti ẹni tó máa dá padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà náà, Tokie bá Ritsuko nínú ilé ìwẹ̀, ó ń gbọ̀n. Bàbá Ritsuko ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Akita, ó fi ìrẹsì sílẹ̀ lóko, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí ìranù tí ọmọ òun ń ṣe ní Tokyo. Ó ní bí wọ́n bá lù ú ṣubú, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kí àwọn jọ máa lọ. Àánú ọmọ náà ṣe Tokie. Ọdún kan náà ni wọ́n jọ wọlé, wọ́n jọ ń fọ aṣọ àwọn ọ̀gá, wọ́n sì jọ ń sùn sórí ẹní kan náà nígbà òtútù. Tokie pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé bó bá di àkókò, òun ò ní bọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́ ló sì pàdánù. Kí ọdún náà tó parí, ọ́fíìsì ò fi orúkọ rẹ̀ sí ìjà mọ́, ó bá padà sí Numazu, sídìí ẹja bàbá rẹ̀.

Ìtàn yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú, òun náà ló sì ń dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé bó ti ń la inú ẹja báyìí, á kan dúró, á máa bá ara rẹ̀ wí. Ta ló ní kó ṣàánú? Ta ló rán an níṣẹ́? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ju ayé rẹ̀ nù. Oníbàárà á wá dé, Tokie á tún ìtàn náà sọ, ara rẹ̀ á sì balẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Segawa pè é lórí fóònù. Ó ní ètò kan tó ń ṣe lórí tẹlifísàn fún àwọn tó fẹ́ràn ìjàkadì: á wá fídíò ìjà àtijọ́ jáde, á pe àwọn tó jà á, wọ́n á jókòó wò ó, wọ́n á sì máa sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù sí. Ìjà Tokie àti Ritsuko yìí, wọn ò gbé e sórí afẹ́fẹ́ rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di kámẹ́rà mú nígbà náà ló tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílé. Segawa fẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ wá.

"Ó yá, lọ sọ ọ́ lójú ẹ̀!" Ìyá Uematsu tó ń ta tófù, ìyẹn wàrà ẹ̀wà sóyà, lódìkejì ọ̀nà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Sọ ọ́ ní gbangba! Ó ti pẹ́ tí Ritsuko ti ń jẹ ayé tó tọ́ sí ẹ."

"Màá sọ ọ́," ni Tokie wí. Ó di ẹja gbígbẹ tó dáa jù sínú páálí, nítorí a kì í lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo, kódà ẹni tá a fẹ́ lọ bá jà. Ó bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Tokyo.

Ibi tí Segawa ti ń ṣe ètò rẹ̀ wà lókè ilé oúnjẹ kan ní Suidobashi, òórùn kọ́rì sì kún ibẹ̀ dẹ́nu. Tokie ti jókòó, ó ti ń mu tíì ọkà báálì tútù, kí Ritsuko tó tiro wọlé, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Toki! Háà, wo orí ẹ! Ó funfun bíi ti ìyá ìyá mi!"

"Ìwọ náà wo orúnkún ẹ. Àbí ọ̀pá ni bẹ́líìtì tuntun tí wọ́n gbé fún ẹ?"

Ritsuko rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ara ògiri mú. "Ẹnu ẹ ò yí padà. Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ẹja ni. Bó ò bá fẹ́, màá fún Segawa."

"Ta ló sọ pé mi ò fẹ́? Gbé e wá ńbí."

Inú Tokie dùn láti rí i, ìyẹn sì bí i nínú. Ẹni tó gbé ẹjọ́ wá láti Numazu ò yẹ kó máa yọ̀ mọ́ ẹni tó fẹ́ rò ó mọ́.

Segawa ò tíì tó ogójì ọdún, bó sì ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi orí kan tábìlì. Ó gbé maikirofóònù síwájú wọn. "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má wojú mi rárá."

Àwòrán náà yọ. Ọmọbìnrin méjì tínrín ló dúró sójú ìjà, irun wọn kúrú bíi tọkùnrin, ọ̀kan wọ búlúù, èkejì wọ pupa. Àwọn èrò ju rìbọ́ọ̀nù bébà sí wọn láti fi yẹ́ wọn sí, títí wọn ò fi rí ẹsẹ̀ ara wọn. Tokie ni oníbúlúù.

"Wo ìpá tí mo ta yẹn," Ritsuko wí. "Kò débì kankan."

"Ó bà mí láyà."

"Àyà wo? Ṣé o láyà nígbà yẹn ni?"

Segawa fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ń wò ó lọ bẹ́ẹ̀. Ritsuko fúnra rẹ̀ sọ pé òun ti yára jù níbẹ̀rẹ̀, pé èémí òun ti ń já kí ìjà tó dé àárín. Tokie sọ pé apá òsì òun ò ṣiṣẹ́ tó. Nígbà tí oníbúlúù gbá onípupa mú ní ìbàdí, tó gbé e kọjá orí rẹ̀ dà sẹ́yìn, Segawa dá fídíò dúró, ó tún un fi hàn.

"Ọ̀gá Murakoshi, mo ti wo ìjà àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn láìmọye. Kò sẹ́ni tó ń gbé ènìyàn dà báyìí."

"Òótọ́ ló sọ," ni Ritsuko wí. "Ọrùn mi ò gbàgbé."

Orí Tokie wú. Ọkàn rẹ̀ ní ó tó, kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà ní Numazu tó wà. Àmọ́ Ritsuko ò dákẹ́. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀.

"Toki, ṣó o mọ ìdí tí mo fi gbà láti wá? Gbogbo bẹ́líìtì tí mo gbà lẹ́yìn èyí, ọ́fíìsì ló gbé e fún mi. Wọ́n á ní, Anzai, ìwọ lo máa borí lọ́jọ́ Sátidé. Èmi náà á sì borí. Èyí nìkan ni mo fọwọ́ ara mi gbà. Títí bàbá mi fi kú, ìjà yìí nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Bó ti dárúkọ bàbá yẹn, Tokie ò lè gbé ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ gbé mì náà mì mọ́.

"Mo fi sílẹ̀ fún ẹ ni," ló wí.

"O fi kí ni sílẹ̀?"

"Ìjà yẹn. Mo lè bọ́ nísàlẹ̀ ẹ. Torí bàbá ẹ ni mi ò ṣe bọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Segawa pa ohùn fídíò, ó sì wo ilẹ̀ bí ẹni pé ohun kan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú Ritsuko gbẹ. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò ra á.

"Ta lo ti sọ ọ́ fún?"

"Gbogbo Numazu."

"Gbogbo Numazu mọ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀." Ó kọjú sí Segawa. Ó wá sọ pé, "Segawa, tẹ nǹkan yẹn. Da ohùn ẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Fídíò náà tún bẹ̀rẹ̀. Onípupa gbé oníbúlúù ṣubú, ó já lé e lórí, ó fi apá kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ra. Tokie jókòó gbọnin. Ó ń dúró de ibi tí ara ọmọbìnrin nísàlẹ̀ yẹn máa ti rọ̀, tó máa dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, nítorí bó ṣe rántí ẹ̀ nìyẹn.

Rẹfirí lu ilẹ̀. Ẹsẹ̀ oníbúlúù tó kù ta sókè bíi ti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ọkọ̀. Rẹfirí lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi orí gúnlẹ̀, ó gbé ọrùn, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ kúrò nílẹ̀, onípupa bá sún síwájú díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ padà. Gìgísẹ̀ oníbúlúù ń ha ilẹ̀, ó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tì, ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà nínú irun onípupa, ó ń fà á tu. Ìyẹn gan-an lòdì sófin. Rẹfirí lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọbìnrin náà dìde jókòó, omijé ti bo ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ilẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yọ gbangba lórí ariwo àwọn èrò: "Kò tíì pé! Rẹfirí, kò tíì pé mẹ́ta!"

Segawa dá fídíò dúró.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ṣùgbọ́n Tokie ò pa irọ́ o. Ó pinnu lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nínú ilé ìwẹ̀, ìpinnu yẹn ló sì gbé relé. Pé ara òun kọ̀ fún ìpinnu náà nígbà tí ìjà dójú ẹ̀, ó ti gbàgbé. Bóyá kò fẹ́ rántí ni.

Etí rẹ̀ gbóná. Ojú tì í, ojú tì í gan-an. Ó ronú kan gbogbo ẹja tó ti wé, gbogbo etí tó ti gbọ́ ọ, ó ronú kan Ìyá Uematsu lẹ́nu ọ̀nà.

"Segawa," Ritsuko wí jẹ́jẹ́, "gé ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kúrò. Gé ibi tá a ti wò ó tán náà. Màá wá ohun mìíràn sọ dípò ẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò láti gbọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Mo ti ń..."

"Tún un fi hàn," ni Tokie wí.

Wọ́n tún un fi hàn. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò wo Ritsuko, kò wo rẹfirí. Ọmọbìnrin nísàlẹ̀ yẹn nìkan ló ń wò, gìgísẹ̀ tó ń ha ilẹ̀, ọrùn tó le bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ẹnu tó là. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bá ọmọ yẹn wí pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ju nǹkan rẹ̀ nù. Ọmọ náà ò ju nǹkan kan nù. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó sì jà títí kò fi sí ibi tó máa jà dé mọ́. Omi bọ́ lójú Tokie, kò nù ún.

"O wúwo," ló sọ fún Ritsuko.

"Ẹ̀rù ẹ ló ń bà mí. Mo ti rò pé o máa bọ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ó jọ."

Segawa bi í léèrè bóyá kí òun gé e báyìí. Tokie fa maikirofóònù sún mọ́ra.

"Má gé e. Fi ohun tí mo sọ síbẹ̀, kó o sì fi èyí tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará Numazu, Ritsuko Anzai ló borí. Agbára rẹ̀ ju tèmi lọ, mi ò fún un ní nǹkan kan." Ó nàka sí àwòrán tó dúró síbẹ̀. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ mi yẹn. Ẹ wo bí mo ṣe ń jà."