Tòmátì Tí Kò Wá Láti Oko Ẹ̀gbọ́n

Inú ti ń bí alásè láti ìgbà tó ti rí páálí tòmátì tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn fìríìjì. Tòmátì náà rí bákan náà gbogbo rẹ̀, ó le gbagidi, bí ẹni pé oòrùn kò pa á rí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbin ohun tí wọ́n ń sè nílé oúnjẹ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwòrán rẹ̀ gbàǹgbà ló wà lára ògiri, tòun tẹ̀rín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: "Ohun tó bá jáde lóko rẹ̀ là ń sè." Òjò sì pẹ́ lọ́dún yìí. Elégédé nìkan ló kún oko. Tòmátì kò tíì pọ́n. Ọ̀gá gan-an ti gbà pé elégédé làwọn máa fi se ọbẹ̀.

Alásè gbé páálí náà, ó forí lé yàrá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, kí lèyí?"

"Tòmátì ni. Àwọn èèyàn ń béèrè."

"Ẹ sọ fún wọn pé kò sí."

"Ta ló máa mọ̀? Tó bá ti jinná, ó parí."

"Ojú ẹ̀gbọ́n mi lẹ fi ń tàn wọ́n jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ò lè gbọ́. Ṣé ó ń wá jẹun níbí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn ún wọra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí lóòótọ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń já ẹrù sí, á nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, á bá tirẹ̀ lọ.

Alásè bọ́ aṣọ ìdáná. Ó gba àárín àwọn tó ń jẹun kọjá, ó gun àga, ó yọ àwòrán náà.

Obìnrin kan dá ṣíbí dúró. "Ìyá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Ọkùnrin yìí kọ́ ló gbin tòmátì tí wọ́n fẹ́ fún yín jẹ. Ẹ bi ọ̀gá léèrè ibi tó ti rí i."

Kí ọ̀gá tó jáde, alásè ti bá ẹnu ọ̀nà iwájú lọ.

Nígbà tó gbé àwòrán náà dé oko, ẹ̀gbọ́n kò dúpẹ́. Ó wo àwòrán, ó wo àbúrò rẹ̀. "O ò bi mí kí o tó ṣe é. Ta ló máa wá ra elégédé tó kún oko yìí?"

Inú bí alásè sí ọ̀gá, sí òjò, sí ẹ̀gbọ́n tó sọ òótọ́. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé elégédé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbé ìkòkò ọbẹ̀ elégédé kalẹ̀ sí òdìkejì títì, ní ọ̀kánkán ilé oúnjẹ náà. Ẹ̀gbọ́n ń bu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Àbúrò ń ro ọbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ le koko, kò sì gbé e kúrò lára ilẹ̀kùn ọ̀gá.